Ẹrù Ti Kọjá Tán, Kí Ni Ó Kù Fún Onílé? Ẹ̀kọ́ Láti Èbúté Duluth

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ìpolongo ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)



A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdìbò ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí láti gbọ́, ṣùgbọ́n lónìí a kò ní í bẹnu àtẹ́ lu alátakò kankan, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní í ka orúkọ ẹni tí yóò du ipò. Ọ̀rọ̀ èbúté ni a fẹ́ bá yín sọ. Láti ọdún 2023 tí èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ èbúté ti gba ẹnu àwọn ènìyàn wa. A ń gbọ́ ti èyí tí a fẹ́ kọ́ ní Àgbádárìgì, a sì ń gbọ́ ti èyí tí a fẹ́ kọ́ sí etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè nígbà tí a bá ń pàtẹ́wọ́: nígbà tí ẹrù bá ti gba ẹnu ọ̀nà kọjá tán, kí ni ó kù sẹ́yìn fún onílé?

Àwọn baba wa sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà a fẹ́ mú ọkàn yín lọ sí èbúté kan tí kò sí létí òkun rárá, tí ó jẹ́ pé létí adágún ni ó wà, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ibẹ̀ ti ń kó irú ẹrù tí a kì í dì sínú àpò tàbí àpótí, tí a kàn ń dà sínú ikùn ọkọ̀ bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń da àgbàdo sínú àká. Duluth ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá ni pé, bí ti ilẹ̀ tiwa, ohun tí a kò tíì sọ di ọjà ni ó ń gba ibẹ̀ lọ jù lọ: ẹlòmíràn ni ó ń gbà á, ẹlòmíràn ni ó ń fi iná yọ́ ọ, ẹlòmíràn ni ó sì ń rọ ọ́ di ohun èlò.

IBI TÍ ÈBÚTÉ NÁÀ WÀ

Láàrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Kánádà ni adágún tí a ń pè ní Superior wà. Nínú gbogbo adágún omi aláìníyọ̀ tí ó wà láyé, òun ni ojú rẹ̀ fẹ̀ jù lọ. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ni odò St. Louis ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìlú méjì ti dojú kọ ara wọn: Duluth ti ìpínlẹ̀ Minnesota, àti ìlú kan tí òun náà ń jẹ́ Superior, ti ìpínlẹ̀ Wisconsin. Èbúté kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Láti ibẹ̀ dé Òkun Àtìláńtíìkì, ọ̀nà omi náà lé ní 2,300 máìlì.

Iyanrìn tóóró gígùn kan ni ó dá ẹnu èbúté náà bí ọgbà. Ọ̀nà tí Ẹlẹ́dàá fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ wà ní ìhà Superior. Nígbà tí ó sì di ọdún 1871, àwọn ará Duluth fi ẹ̀rọ la ọ̀nà omi tiwọn gba àárín iyanrìn náà já, ọ̀ràn náà sì di ẹjọ́ láàrin ìlú méjèèjì. Afárá irin tí a kọ́ sórí ọ̀nà omi yìí ní 1905 ni a tún ṣe ní 1929 sí 1930, tí ó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, odindi pẹpẹ afárá náà ni a óò gbé sókè, kí ọkọ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀.

BÍ IṢẸ́ ṢE Ń LỌ NÍBẸ̀

Ọba nínú ẹrù èbúté yìí ni òkúta irin. Láti ilẹ̀ òkè Mesabi, tí ó tó nǹkan bí 60 máìlì sí adágún náà, ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó o sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń dúró sí. Orí èbúté gíga kan ni ó ń gùn lọ, tí a fi irin àti kọnkéré kọ́ wọ inú omi; ọ̀kan nínú wọn ga tó 80 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì gùn ju 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Bí a bá ṣí ìdí ọkọ̀ ẹrù, òkúta irin yóò wó sínú àwọn àpò ńlá tí ó wà nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ omi bá sì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, a óò sọ ọ̀pá oníhò sí ẹnu ikùn rẹ̀, ẹrù yóò sì máa ṣàn wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n yìí: ìwúwo ẹrù náà gan-an ni wọ́n fi ń ṣe aláàárù. Lóde òní, wọ́n ti fi bẹ́líìtì tí ń yí kún un láti máa gbé ẹrù dé etí ọkọ̀.

Àwọn ọkọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Láàrin ọdún 1972 sí 1981, a kan ọkọ̀ mẹ́tàlá tí ìkọ̀ọ̀kan wọn gùn tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó sì lè gbé ohun tí ó lé ní 60,000 tọ́ọ̀nù. Ní ìsàlẹ̀ ikùn wọn ni bẹ́líìtì wà, ọwọ́ irin gígùn kan sì wà lórí wọn tí ó ń yí sí etí ilẹ̀, tí ọkọ̀ náà yóò fi fúnra rẹ̀ tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ láàrin wákàtí mélòó kan. Láyé àtijọ́, ṣọ́bìrì ni àwọn alágbára ọkùnrin fi ń kó o.

Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Duluth, yóò dé Sault Ste. Marie, níbi tí omi ti wó lulẹ̀ ní nǹkan bí 21 ẹsẹ̀ bàtà kí ó tó dé adágún kejì. Níbẹ̀ ni a kọ́ yàrá omi sí, tí a ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, tí a óò sì jẹ́ kí omi inú rẹ̀ fà díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi bá omi ìsàlẹ̀ dọ́gba. A ṣí àkọ́kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní 1855. Èyí tí ó tóbi jù, tí ó jẹ́ òun nìkan ni àwọn ọkọ̀ òmìrán wọ̀nyí lè gbà, ni a ṣí ní 1969. Láti 15 oṣù kìn-ín-ní sí 25 oṣù kẹta ni wọ́n ń tì í lọ́dọọdún nítorí yìnyín. Ní àkókò náà, àwọn ọkọ̀ a so sí èbúté, àwọn oníṣẹ́ irin a sì máa tún wọn ṣe.

Òkúta irin nìkan kọ́. Èédú ilẹ̀ wà níbẹ̀, àlìkámà wà níbẹ̀ nínú àwọn àká tí ó ga ju ilé lọ, òkúta tí a ń lò nídìí irin yíyọ́ àti ilé kíkọ́ sì ń wọlé. Láyé àtijọ́, láti ìlà-oòrùn ni èédú ti ń wọlé sí Duluth. Láti 1976 tí a ṣí èbúté èédú ńlá kan ní ìhà Superior, láti ìwọ̀-oòrùn ni èédú ti ń wá, tí ó sì ń gba ibẹ̀ jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dínkù ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ní ọdún 1955, a dá àjọ ìjọba kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ èbúté náà. Nígbà tí ọ̀nà omi St. Lawrence sì ṣí ní 1959, ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ tí ó gba ibẹ̀ dé Duluth gúnlẹ̀ ní 3 oṣù karùn-ún, Ramon de Larrinaga, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ọjà bá yá, ẹrù tí ń gba èbúté náà kọjá máa ń ju 30 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ.

TA NI Ó NI ILẸ̀, TA NI Ó SÌ JẸ ÈRÈ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni a dé yìí. Àwọn ẹ̀yà Ojibwe ni onílẹ̀ etí adágún náà tẹ́lẹ̀. Ní 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, ní La Pointe, àwọn olóyè wọn fọwọ́ sí ìwé tí ó fi ilẹ̀ etí àríwá adágún náà lé ìjọba Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Wọ́n di ẹ̀tọ́ ọdẹ àti ẹja pípa mú, wọ́n sì gba ibùgbé mélòó kan tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn. Owó àti ẹrù tí a óò máa san fún wọn lọ́dọọdún, ogún ọdún péré ni. Nígbà tí òkúta irin àkọ́kọ́ láti Mesabi fi máa wọ ọkọ̀ ní 1892, ogún ọdún náà ti pé tipẹ́tipẹ́.

Àwọn tí ó rí òkúta irin Mesabi náà ńkọ́? Ọmọ Duluth ni wọ́n, Leonidas Merritt àti àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n wá inú igbó fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó rí i ní 1890. Wọ́n la ojú irin, wọ́n kọ́ èbúté, wọ́n sì yá owó láti ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí owó dá gúdẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1893, ọ̀dọ̀ John D. Rockefeller ni wọ́n sá lọ, kí ó sì tó pẹ́, oko irin, ojú irin àti èbúté bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n pe ẹjọ́. Ní 1897 wọ́n gba 525,000 dọ́là, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò bá a wí mọ́. Ní 1901, gbogbo rẹ̀ wọ inú ilé iṣẹ́ United States Steel, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé tí owó ìdásílẹ̀ rẹ̀ ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ó rí ìṣúra kọ́ ni ó ń jẹ ẹ́, bí owó ẹlòmíràn bá wà nídìí rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ńkọ́? Láti Finland, Ítálì, Slovenia àti Croatia ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Wọ́n yanṣẹ́ lódì ní 1907, wọ́n tún yanṣẹ́ lódì ní 1916, nítorí owó tí kò tó àti ìyà inú oko irin. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni a ṣẹ́ wọn, tí a sì kọ orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbà wọ́n síṣẹ́ mọ́. Lórí omi pẹ̀lú, ikú ń bẹ. Ní 9 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni ọkọ̀ Edmund Fitzgerald gbé òkúta irin kúrò ní Superior. Lọ́jọ́ kejì ìjì dé, ó sì rì pẹ̀lú gbogbo ọkùnrin mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka iye tọ́ọ̀nù, kí ó ka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn.

ÌṢÁKỌ́LẸ̀

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, a kò bá má yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tí ó mú kí Duluth yàtọ̀ ni pé àwọn ará Minnesota rántí ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀: ẹni tí ó bá dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ san ìṣákọ́lẹ̀.

Nígbà tí Minnesota di ìpínlẹ̀ ní 1858, nínú gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógójì mẹ́rìndínlógójì, méjì ni a yà sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí a rí òkúta irin nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, owó ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ wọ inú àpò kan tí òfin ìpìlẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú owó inú rẹ̀ láéláé; èrè orí rẹ̀ nìkan ni a ń pín fún ilé ẹ̀kọ́. Àpò náà wà síbẹ̀ dòní, ó sì ti ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ní 1922, àwọn olùdìbò tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbé owó òde lé oko irin lórí, pẹ̀lú ìpín fún ilé ẹ̀kọ́ àti fún yunifásítì. Ní ìlú Hibbing, tí a ń ṣí kúrò lójú kan láti 1919 nítorí pé òkúta irin wà lábẹ́ ilé wọn, àwọn ará ìlú fi owó òde oko irin kọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ní àkókò náà. Àwọn àlejò a máa dúró wò ó títí di òní.

Àwọn kan kùn nígbà náà pé àṣejù ni, pé kí ni ọmọ awakùsà fẹ́ fi irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, òkúta irin dáradára bẹ̀rẹ̀ sí í tán ní Mesabi. Ohun tí ó kù púpọ̀ ni òkúta líle kan tí a ń pè ní taconite, tí irin inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin lọ, tí ilé iṣẹ́ irin kankan kò sì ní í rà bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀kọ́, èbúté náà ìbá ti di ahoro. Ṣùgbọ́n ní Yunifásítì Minnesota, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Edward W. Davis, ti fi nǹkan bí ogójì ọdún ṣe ìwádìí lórí òkúta tí àwọn ènìyàn ti kọ̀ sílẹ̀ yìí. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, wọ́n fi òòfà fa irin inú rẹ̀ jáde, wọ́n fi amọ̀ díẹ̀ yí i ní kóró kóró, wọ́n sì yan án nínú iná, títí irin inú rẹ̀ fi di nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 1956 ni èbúté Silver Bay, létí adágún kan náà, ti ń kó kóró wọ̀nyí lọ, àwọn ni ó sì ń kún ikùn ọkọ̀ ní Duluth lónìí.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Owó tí wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n fi bọ́ ilé ẹ̀kọ́; nígbà tí ẹrù fẹ́ tán, ilé ẹ̀kọ́ ni ó wá bọ́ èbúté.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Nítorí kí àwọn ilé iṣẹ́ lè wá kọ́ ẹ̀rọ taconite, àwọn olùdìbò gbà ní 1964 pé fún ọdún 25 a kò ní í gbé owó òde wọn ga ju ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn lọ. Ní Silver Bay, pàǹtírí òkúta lílọ̀, tí ó tó nǹkan bí 67,000 tọ́ọ̀nù lójúmọ́, ni a ń dà sínú adágún tí àwọn ará Duluth ń mu. Ní 1973, a kéde pé a rí fọ́nrán bí irú èyí tí ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára nínú omi ìlú. Ní 20 oṣù kẹrin ọdún 1974, adájọ́ Miles Lord pàṣẹ kí a ti ilé iṣẹ́ náà; láàrin ọjọ́ méjì, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún un ṣí. Ọdún 1980 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtírí náà sórí ilẹ̀. Òfin tí ó gba ìṣákọ́lẹ̀ tí kò ṣọ́ omi, ìdajì òfin ni.

KÍ NI ÈYÍ WÍ FÚN WA?

Ẹ kò ní í sọ pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀. Ní 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó kòkó tí ó gba èbúté kọjá wà lára ohun tí ó gbé e ró. Kò sì yẹ kí a fi bò: àgbẹ̀ ni ó san án, nítorí pé iye tí a fún un kò tó iye tí a tà á lókè òkun. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ náà mọ̀wé. Ìyàtọ̀ àwa àti Minnesota ni pé tiwọn wà nínú àpò tí òfin tì pa, tí olóṣèlú kankan kò lè nawọ́ sí. Tiwa wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wà lórí oyè. Nígbà tí ìjọba pa àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko rẹ́ ní 1986, kòkó kò yé kọjá, ṣùgbọ́n kò sí àpò kankan tí a lè nawọ́ sí pé èyí ni ó kù fún àwọn ọmọ.

Lónìí, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé ohun tí a óò dá padà fún ìpínlẹ̀ tí epo ti jáde kò gbọdọ̀ dín ní 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń gbà nínú rẹ̀. Gbígbà jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Ibi tí a fi í sí ni ìdajì kejì.

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè fún rèé, tí a sì fẹ́ kí ẹ máa bèèrè ní ilé àti ní ọjà. Èkíní, kí a tó fi òkúta ìpìlẹ̀ èbúté lélẹ̀, kí a kọ orúkọ àwọn onílẹ̀ àti àwọn apẹja ibẹ̀ sílẹ̀, kí ohun tí a óò fún wọn má ṣe jẹ́ ti ogún ọdún bí ti àwọn Ojibwe, kí ó jẹ́ ìpín tí yóò máa wà níwọ̀n ìgbà tí ẹrù bá ń kọjá. Èkejì, kí àdéhùn tí ìjọba bá bá onílé iṣẹ́ ṣe jẹ́ ohun tí a kà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ̀kẹta, kí òfin gbé apá kan nínú owó èbúté sínú àpò ilé ẹ̀kọ́ tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú owó rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a yan àwọn tí yóò máa yẹ omi wò, tí owó oṣù wọn kò sì gbọdọ̀ ti ọwọ́ onílé iṣẹ́ wá.

Bí olùdíje kan bá tọ̀ yín wá, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ wa, tí ó sì sọ pé òun yóò kọ́ èbúté fún yín, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ títí yóò fi dáhùn nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Bí ó bá lè dáhùn, ẹ dìbò fún un. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ti Duluth.